Snare tó máa dún "pá" láìpa gángan lẹ́nu mọ́

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìlù ni mò ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí l'Abẹ́òkúta. Snare tó wà nílẹ̀, ìlù tó ní wáyà lábẹ́ yẹn, ti gbó. Bí mo bá lù ú, àfi bíi pé páálí ni mò ń lù. Àwọn alàgbà ti gbà pé ká ra òmíràn, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Ohùn tí mò ń wá ni èyí tó ga, tó gbẹ, tó máa dún 'pá' kedere títí dé ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní piccolo, ìyẹn snare tí kò jìn, oní-13 ínṣì ni kí n rà. Ẹlòmíràn ní onígi tó jìn ni gbogbo ọ̀gá ń lò. A ní gángan méjì àti bẹ́ẹ̀sì gìtá nínú ẹgbẹ́ wa. Èwo ni kí n rà?"

Àbúrò mi, o káre tí o sọ ohùn tí o fẹ́ kí o tó dárúkọ ìlù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ sọ pé "pá", ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà onílù wa, ẹnu ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi lu ìlù sí ọmọ létí kí ọmọ náà tó fi ọwọ́ lù ú. Ìwọ náà fi ẹnu lu snare tí ò ń wá báyìí, sọ ọ́ síta. Ṣé "pá" ni lóòótọ́, tó dún tó sì parí lójú kan náà? Àbí "páùn", tó ní ìrù díẹ̀? Àbí "gbàà", tó nípọn tó ń kan èèyàn láyà? Àbí "ṣáà", tí ariwo wáyà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti awọ lọ? Tí ó bá jẹ́ "pá" náà ni ẹnu rẹ ń sọ lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, a lè jọ sọ̀rọ̀.

Èsì mi rèé kí n má baà dá ọ dúró: má ra piccolo, má sì ra onígi tó jìn. Ra èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ 14 ínṣì, tó jìn ní ínṣì 5 tàbí 5½, tí àgbá rẹ̀, ìyẹn ara ìlù náà, jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí o kò bá rí alumíníọ̀mù, ra onídẹ bí owó bá ká a, tàbí onírin. Gángan méjì tí o dárúkọ níparí ọ̀rọ̀ rẹ, bí ẹni pé wọn kò já mọ́ nǹkan, àwọn gan-an ló jẹ́ kí n dáhùn báyìí.

Mo ti ra piccolo rí. Ojú 13 ínṣì, ó jìn ní 3, irin dídán tí o lè fi wojú. Ọjọ́ ìsìnkú àgbà kan ní Ìtọ́kú ni mo kọ́kọ́ gbé e jáde. Bí mo ṣe lù ú nígbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé tó ń jó níwájú yíjú sí mi, inú mi dùn. Bàbá kan tó ń lu gángan dúró lápá òsì mi, ó ń ki ìdílé olóòkú, obìnrin àgbàlagbà kan sì ń jó bọ̀ wá síwájú rẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Mò ń lu "pá" mi lọ. Mo rí i tí màmá náà fa ojú ro, ó tẹ orí, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí gángan ń sọ, kò rí i gbọ́. Bàbá dáwọ́ dúró. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú snare mi pátápátá. Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mò ń sọ fún ọ yìí. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀, kò ní kọ́ńsónáǹtì tí yóò fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Tí ohùn òkè rẹ̀ bá sọnù, gbólóhùn ti fọ́ nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń kì kò ní mọ̀ pé òun ni. Piccolo tí a fà le máa ń jókòó sí ibi tí ohùn òkè gángan ń jókòó sí gẹ́ẹ́. Snare oní-14 tí a fà le níwọ̀nba yóò dún nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, yóò lu àmì rẹ̀, yóò sì kúrò lọ́nà. Nínú ẹgbẹ́ olórin tí kò ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí piccolo. Nínú tiyín, kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò le. Bí ojú ìlù bá ṣe fẹ̀ tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ tó, bí ìyáàlù ṣe nípọn lóhùn ju gángan lọ. O lè fa ojú 14 le títí yóò fi ga, ṣùgbọ́n o kò lè dẹ ojú 10 títí yóò fi nípọn. Á kàn dẹ̀ jọwọlọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tí owó ẹyọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó ra 14. Ní ti jíjìn, afẹ́fẹ́ inú àgbá ló ń gbé ohun tí o fi igi lù lójú òkè lọ bá awọ ìsàlẹ̀, níbi tí wáyà wà. Tí ọ̀nà náà bá kúrú, wáyà á tètè dáhùn, ohùn á mú. Tí ó bá gùn, bíi ti àwọn oní-6½ sí 8, ohùn á ní àyà, á sì fa díẹ̀. "Gbàà" nìyẹn. Ó dùn mọ́ orin tó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹni tó sọ fún ọ pé àwọn ọ̀gá ń lò ó kò purọ́. Kì í ṣe òun ni o béèrè ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí dáadáa ni awọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Ìwọ ọmọ Abẹ́òkúta, ìwọ ti mọ sákárà. Kí ni àgbá sákárà? Òrùka amọ̀ tí a sun ni, kò jìn rárá, awọ ewúrẹ́ lójú rẹ̀, èèkàn kéékèèké yí i ká. Òun náà ni Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, fi kọrin tí gbogbo ilé olówó àti ilé tálákà gbọ́. Awọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Snare náà kò yàtọ̀. Bí o bá ra snare olówó ńlá tí o sì ta awọ tó ti kú sí i lójú, páálí náà ni yóò máa dún.

Nígbà kan, awọ ọmọ màlúù ni wọ́n ń ta mọ́ snare lókè òkun, òjò àti oòrùn sì ń dà á láàmú bó ṣe ń da gángan láàmú. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni awọ oníke dé. Remo Belli tó dá ilé iṣẹ́ Remo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1957 wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Awọ oníke kò bìkítà fún ọyẹ́, kò sì ní kí o gbé òun sínú oòrùn kí o tó lu òun. Èyí tí mo fẹ́ kí o rà fún ojú òkè ni ẹlẹ́yọ kan, funfun, tí ojú rẹ̀ rí haraṣa, tó nípọn ní mil 10, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní Ambassador Coated lọ́dọ̀ Remo nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Evans náà ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G1. Awọ onípele méjì wà, mil 7 lórí mil 7. Ó ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi agbára lu ìlù, ṣùgbọ́n ó ń gé ṣóńṣó ohùn náà, ṣóńṣó náà sì ni o ń wá.

Awọ ìsàlẹ̀ ń kọ́? Èyí ni ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù lọ nínú ìlù tí wọ́n ń gbé wá kí n bá wọn tún ṣe. Awọ ìsàlẹ̀ snare gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá tí a fi ń wé ẹ̀kọ nísinsìnyí, mil 3 péré ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni awọ ìsàlẹ̀ wọn bẹ́, tí ẹnì kan sì bọ́ ògbólógbòó awọ òkè, ó tà á mọ́ ìsàlẹ̀ kí ìsìn má baà dúró. Ìsìn kò dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wáyà kò dáhùn mọ́, nítorí awọ tó nípọn kò lè gbọ̀n fún un. Nígbà tí o kọ̀wé pé ìlù yín ń dún bíi páálí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ṣí i sísàlẹ̀, wò ó. Bí ó bá nípọn lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ sì funfun haraṣa, awọ òkè ni wọ́n tà síbẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí ẹ tó náwó ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ ra awọ òkè kan, awọ ìsàlẹ̀ kan àti wáyà tó ní fọ́nrán 20, kí ẹ fi wọ́n sára snare àtijọ́ yẹn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìlù tuntun. Mo ti rí snare tí wọ́n fẹ́ sọ nù tó tún jí báyẹn. Bí kò bá jí, awọ àti wáyà náà yóò bá ọ wọ inú ìlù tuntun tí ojú rẹ̀ bá jẹ́ 14, nítorí náà o kò pàdánù.

Àgbá ni àwọn onílù ń jà lé lórí jù, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ sì kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irin ń tàn, ìrù ohùn rẹ̀ ń han goro. Idẹ náà ń tàn, ṣùgbọ́n ó ní ara. Alumíníọ̀mù gbẹ, ó mú, ó sì tètè ń dákẹ́, ìyẹn ni mo fi yàn án fún ọ. Igi maple rọ̀ lóhùn, ó kún. Igi birch mú díẹ̀ jù ú lọ. Snare alumíníọ̀mù tí orúkọ rẹ̀ lọ jù láyé ni Supraphonic tí ilé iṣẹ́ Ludwig ń ṣe láti àwọn ọdún 1960, èyí tó jìn ní 5 ni wọ́n ń pè ní LM400. Bí o bá rí tòkunbọ̀ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣí kúlẹ́kúlẹ́ bí ara aláìsàn, má jẹ́ kí ó bà ọ́ lẹ́rù. Ohun dídán tí wọ́n fi bo alumíníọ̀mù náà ló ń ṣí, kò dí ohùn lọ́wọ́, o sì lè fi dín owó rẹ̀ kù.

Wo ilé ìjọsìn yín náà. Bí ó bá jẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ tó wà nílùú yìí, páànù ló wà lókè, táìsì nílẹ̀, búlọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún àti òsì, kò sí aṣọ lójú fèrèsé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fi tirẹ̀ kún ohùn tó ga. Snare irin tó ń dún "páùn" nínú ṣọ́ọ̀bù yóò di "páùn-ùn-ùn" lábẹ́ páànù yẹn, yóò sì bo ọ̀rọ̀ alága ìsìn mọ́lẹ̀. Alumíníọ̀mù yóò ṣe sùúrù díẹ̀ níbẹ̀. Tí ìrù ohùn bá ṣì kù, ṣe ohun tí onígúdúgúdú ń ṣe nígbà tó ń lẹ ìda mọ́ ojú ìlù rẹ̀: gé aṣọ kékeré kan bí ìka méjì, fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú òkè, níbi tí igi rẹ kì í dé. Ẹyọ kan tó. Mo ti rí ẹni tó fi odidi táwẹ́ẹ̀lì bo snare rẹ̀, tó wá ń bẹ ẹni tó wà nídìí máìkì pé kó bá òun fi ohùn kún un.

Bí o ṣe máa fa awọ le nìyí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtù títí yóò fi dúró, kí o tó mú kọ́kọ́rọ́ ìlù. Lẹ́yìn náà, má tò wọ́n yípo. Bí o bá yí ọ̀kan, bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, ààbọ̀ yíyí lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi le. Ká sọ pé bóòtù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ló ní. Fi igi kan awọ jẹ́jẹ́ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ínṣì kan sí etí, kí o sì gbọ́ bóyá ohùn wọn bára mu. Akọrin ni yín, ẹ mọ dó-rè-mí: tí bóòtù kan bá ń sọ dó tí èkejì rẹ̀ ń sọ rè, ìlù náà kò tíì jókòó. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ kan náà káàkiri, ṣe òkè. Fún "pá" tí o fẹ́, jẹ́ kí òkè le dáadáa, kí ìsàlẹ̀ sì ga jù ú lọ, bíi láti dó sí mí tàbí sí fá. Tí àwọn méjèèjì bá wà ní ohùn kan náà, ìrù ohùn á gùn. Rántí pé awọ tuntun máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìsìn kan, nítorí náà tún un fà lọ́jọ́ kejì.

Wáyà náà ń kọ́? Dí i títí yóò fi kan awọ, tí ìlù bá sì ti dáhùn ìlù jẹ́jẹ́ tí o fi ṣóńṣó ìka lù, dúró. Ọ̀pọ̀ ń dí i títí ó fi fún ìlù lọ́rùn, wọ́n á wá máa sọ pé snare náà kò dára. Bẹ́ẹ̀sì gìtá yín yóò mú kí wáyà máa hó nígbà tí o kò lù ú. Kò sí snare tó bọ́ lọ́wọ́ èyí pátápátá. Dẹ àwọn bóòtù ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ti wọlé àti ibi tó ti jáde díẹ̀, gbé spíkà bẹ́ẹ̀sì kúrò ní ẹ̀yìn rẹ, kí o sì fi ọwọ́ ṣí wáyà nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà.

Ohun kan wà tí ṣọ́ọ̀bù kò ní tà fún ọ. Apá kan nínú "pá" tí o ń gbọ́ nínú àwọn àwo orin, ọwọ́ ni. Ìgbà tí igi bá kan awọ àti òrùka irin etí ìlù lẹ́ẹ̀kan náà ni ohùn yẹn ń là. Lo ọ̀sẹ̀ kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́ bí a ṣe ń lù ú jẹ́jẹ́ láàárín. Gbọ́ Tony Allen, ẹni tó lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Fela. Gbọ́ bí snare rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá lu èyí tó le, o kò lè ṣàì gbọ́ ọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá le, kò sí èyí tó máa yàtọ̀ mọ́.

Nígbà tí o bá ń lọ ra á, ṣé tòkunbọ̀ ni tàbí tuntun, mú kọ́kọ́rọ́ ìlù àti tọ́ọ̀ṣì dání. Bẹ oníṣọ́ọ̀bù kó jẹ́ kí o bọ́ awọ òkè. Dojú àgbá náà dé orí gíláàsì tó tẹ́jú, fi tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí o wo etí rẹ̀ yípo láti ìta: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, etí kò tẹ́jú níbẹ̀, awọ kò ní jókòó láé. Ìsàlẹ̀ ní ibi méjì tó jìn díẹ̀ tí wáyà ń gbà kọjá, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Yí gbogbo bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ń yọ̀ tí kò gbá mú, béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù bóyá ó ní òmíràn. Ṣí wáyà kí o sì tì í ní ìgbà ogún, kí o rí i bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń yọ fúnra rẹ̀. Má lù ú ní ẹ̀ẹ̀kan kí o sọ pé o ti gbọ́. Bẹ ẹnì kan kó máa lù ú, kí ìwọ bọ́ sójú títì, kí o gbọ́ ọ láti ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjọ yín máa wà.

Òjò Abẹ́òkúta kò ní ba awọ oníke jẹ́, ṣùgbọ́n yóò mú kí wáyà àti bóòtù dípẹtà. Lẹ́yìn ìsìn, fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí o sì fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kán ẹ̀kán kan sí bóòtù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Tí o bá ti fi awọ tuntun sí ti àtijọ́, tàbí tí o ti ra òmíràn, gbé fóònù rẹ fún ẹni tó wà lórí àga ìkẹyìn, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí gángan méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Fi ránṣẹ́ sí mi. Má gbà á láti ìdí ìlù, má sì gba snare nìkan. Màá kọ́kọ́ gbọ́ bóyá mo mọ ohun tí gángan ń sọ, kí n tó wá sọ fún ọ bí "pá" rẹ ṣe rí.